Awọ́nríwọ́n, Àkurá àti Kànrìnkàn Màmá

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà 2025

Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje. Mo kọ ọ́ sókè pátápátá kí n lè máa rí i nígbà gbogbo tí mo bá ṣí ìwé yìí. Dókítà Ògúnlànà, alábòójútó iṣẹ́ mi, ní ọdún kẹfà mi rèé lórí ìwé oyè kejì yìí, kò sí àfikún mọ́. Tí mi ò bá dúró níwájú àwọn olùdánwò lọ́jọ́ náà, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò, ó parí nìyẹn. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ti kíláàsì ní Ọ̀kà sáré lọ sí yunifásítì ní Àkùngbá pẹ̀lú ẹfun lára aṣọ. Gbogbo Sátidé mi fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo lè sọ ọ́ níbí torí kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí.

Àwọn ẹran tí mo kó jọ lọ́dún tó kọjá jẹrà nínú fíríìsà ilé wa nígbà tí iná lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fọ́tò wọn nìkan ló kù. Dókítà ní fọ́tò kì í ṣe ẹran. Ó fẹ́ awọ́nríwọ́n kan, ó fẹ́ àkurá kékeré kan, kí àwọn méjèèjì gùn tó mítà kan tàbí kó sún mọ́ ọn, kí wọ́n pé láti imú dé ìrù, kí awọ wọn má lábùkù.

"Awọ ni gbogbo iṣẹ́ yín, Misẹ́sì Ọlálẹ́yẹ. Ọ̀kan ń gbé lẹ́bàá odò, ọ̀kan ń gbé inú òkun. Kí ni awọ kálukú ń ṣe fún un? Tí kò bá sí awọ, kò sí iṣẹ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ọjà Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti ń tà á ní òkìtì-òkìtì.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Láti iléèwé, mo gba Ìkun lọ sọ́dọ̀ Bàbá Badmus ọdẹ. Ọ̀la ni Iléyá, ọ̀bẹ ló ń pọ́n nígbà tí mo dé, àgbò ń wò ó. Ó ní awọ́nríwọ́n kò ṣòro, odò ti kún, wọ́n ti ń jáde.

Mo ní, "Odindi ni mo fẹ́ o, Bàbá. Ẹ má gé nǹkan kan kúrò lára ẹ̀. Ẹ má bó awọ ẹ̀."

Ó ní òun gbọ́. Ó wá bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi wé àkurá. Ó ní kí ló ń jẹ́ àkurá.

"Ṣáàkì ni, Bàbá. Ẹja òkun tó ń bu èèyàn jẹ. Kékeré ẹ̀ ni tèmi, kò tó ohun tó ń jẹ èèyàn."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ronú. "Tí àwọn méjèèjì bá wọ̀jà, ta ló máa borí?"

Mo ní wọn ò lè pàdé láéláé, ibi tí wọ́n ń gbé yàtọ̀. Ó ní tí wọ́n bá pàdé ńkọ́. Mo kí i kú ọdún, mo gun ọ̀kadà, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Bàbá Badmus gbé e wá sílé ní Ìkàrẹ́ fúnra ẹ̀, nínú àpò sìmẹ́ǹtì. Mo tú àpò. Ẹran náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ti wì í lórí iná, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti la ikùn ẹ̀, ó ti kó gbogbo inú ẹ̀ dànù. Ìpẹ́ tí mo fẹ́ kà lọ́kọ̀ọ̀kan ti di èédú.

"Mo mọ̀ pé tíṣà ni yín, ẹ ò ráyè. Mo ti bá yín wì í, mo ti bá yín ṣí i. Ìkòkò nìkan ló kù."

Mo ní, "Bàbá, ṣebí mo ní kí ẹ má bó o?"

"Mi ò bó o. Mo wì í ni."

 Òótọ́ ló sọ. Ìyá ọkọ mi ti ń fẹná lẹ́yìn ilé ká tó parí àríyànjiyàn. Màmá kì í dúró de ẹni tó ń jiyàn tí ẹran bá ti wọlé. A jẹ ẹ́. Ó dùn, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Mo ti kọ́gbọ́n. Mo pe Happiness tó ń ta ẹja ní Ìgbókòdá, mo ní kó bá mi wá àkurá, mo ka bí mo ṣe fẹ́ ẹ fún un bí òfin mẹ́wàá. Má gé e. Má là á. Má kó inú ẹ̀. Má gé apá ẹ̀ tà fún ẹlòmíì. Má fi iyọ̀ sí i. Má dín in.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ no vex o. Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe nǹkan ni?"

Mo ní ìwé ni mo fẹ́ fi kọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, òun ò bèèrè mọ́. Mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Lójú ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹja ní odindi pẹ̀lú ìfun nínú, oògùn ló fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹfà

Àkurá dé sí gáréèjì Ìkàrẹ́. Yíyan ni.

Wọ́n ti ká a ṣe roboto, wọ́n ti ìrù ẹ̀ bọ ẹnu ẹ̀, wọ́n fi igi gún un pọ̀. Mo pe Happiness níbẹ̀, àárín gáréèjì, mo sì mọ̀ pé mo ń pariwo torí àwọn dírẹ́bà dákẹ́ láti gbọ́.

"Àǹtí, ọ̀nà jìn. Tí mi ò bá yan án, ó máa rà. Ẹ ò sì sọ pé kí n má yan án."

Mi ò sọ ọ́ lóòótọ́. Mo ṣì gbé e lọ sí Àkùngbá, bóyá nǹkan kan máa ṣe é wò lára ẹ̀. Kíkẹ́ tó ń tọ́jú yàrá ìwádìí mú téèpù, ó yí i ká ẹja náà, ó wò mí. "Ma, ṣé ká wọ̀n ọ́n bí òrùka ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Màmá fi í sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹfà

Òjò. Kò síná. Bẹntiróò nílé epo tó wà ní Jubilee kù díẹ̀ kó di ẹgbẹ̀rún kan náírà jálá kan. Ọ̀gá àgbà bi mí lójú gbogbo tíṣà pé tí àwọn ẹran mi méjèèjì bá jà, ta ni yóò borí. Àwọn tíṣà pín sí ọ̀nà méjì lórí ẹ̀, wọn ò padà sí kíláàsì títí agogo fi lù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹfà

Awọ́nríwọ́n kejì. Wọn ò wì í. Wọn ò là á. Awọ ẹ̀ ń dán, àmì yẹ́lò-yẹ́lò ẹ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀. Inú mi ti ń dùn kí n tó yí i padà.

Kò nírù.

Ó gùn ju ìdajì ara ẹran náà lọ, ìrù ọ̀hún, ó sì ti lọ. Bàbá Badmus wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣe é níkà. "Tíṣà, ẹ ní kí n má gé nǹkan kan. Èmi kọ́ ni mo gé e. Olórí ọdẹ ló gé e." Láàárín àwọn ọdẹ tiwọn, ẹni tó bá pa awọ́nríwọ́n, ìrù ẹ̀ di ti olórí ọdẹ kí ẹran tó kúrò lójúlé. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ ni. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀?

Ọkọ mi ti Àkúrẹ́ wálé bó ti máa ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ní kí n fara balẹ̀. Mo ní kó má bá mi sọ ìfarabalẹ̀ nínú ilé yìí títí di ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹfà

Mo lọ kúnlẹ̀ fún olórí ọdẹ ní Ìkun. Bàbá náà ti darúgbó, iṣu sísun ló ń jẹ pẹ̀lú epo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ̀ǹda ìrù fún mi. Ó ní ó ti di ìgbẹ́ láti àná.

Mo ní tí a bá rí òmíràn ńkọ́. Ó ní ìrù ni ohun ìjà awọ́nríwọ́n, ọdẹ tó bá ṣẹ́gun ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ohun ìjà ẹ̀ fún àgbà, wọn ò ní torí ìwé tèmi yí i padà. Ojú mi ti ń korò. Mo dìde, mo ti ń lọ, ló bá tún pè mí padà.

"Ṣé òkú ẹ̀ lo fẹ́?"

"Bàbá, bí wọ́n bá ṣe mú un wá náà ni."

"Ẹran tó bá kú ni mo ní ìpín nínú ẹ̀. Èyí tó bá wà láàyè kì í ṣe ẹran ọdẹ. Ẹran ọ̀sìn nìyẹn. Kò kàn mí."

Ó bu iṣu, ó ń jẹ lọ. Mo sì ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún oṣù kan gbáko.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Bàbá Badmus gbé e wá láàyè. Kò gbé e wá sílé. Iléèwé ló gbé e wá, sínú yàrá àwọn tíṣà ní Ọ̀kà, nínú àpò tó ń fò sókè-sódò. Ọ̀gá àgbà gun orí àga. Ọkùnrin tó ti ń sọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé awọ́nríwọ́n ni yóò borí.

Mo gbé àpò náà sórí ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá títí dé Àkùngbá. Dírẹ́bà béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀, mo sọ fún un, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, mo ní mi ò sọ̀. Ó fi eré gbé wa débẹ̀. Kí Kíkẹ́ tó fi oògùn oorun sí i nímú, ẹran náà ti yọ ìrù síta, ó na Dókítà Ògúnlànà lójúgun. Dókítà jókòó, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. Ó ní, "Ó kéré tán, ìrù ẹ̀ pé."

Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méje. Gbogbo ìpẹ́ ẹ̀ pé, wọ́n tò mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké, wọ́n gbẹ, omi kan ò lè gbà á jáde kúrò nínú ara ẹ̀. Mo dúró tì í fún ìgbà pípẹ́, mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Ó ku ọ̀kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Keje

Mo ti rí àkurá.

Happiness gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, ó fi sọ́kọ̀ àárọ̀ kùtù, ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ọ̀nà. Ó ní òun ò gé, òun ò là, òun ò yan, òun ò dín, òun ò sè, òun ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án ju bó ṣe yẹ lọ. Sẹ̀ǹtímítà méjìléláàádọ́rùn-ún. Mo ti kọ nípa ẹran yìí fún ọdún mẹ́fà, mi ò dé etí òkun rí láyé mi, mi ò sì rí odindi ẹ̀ tí kò tíì dì gan-an rí. Mo fọwọ́ pa á láti orí lọ sí ìrù, ó ń dán bí aṣọ sẹ́dà. Mo pa á padà láti ìrù sí orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lọ́wọ́.

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló dé. Kíkẹ́ ti lọ sìnkú ní Ògbàgì, òun ló mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí, ó di Mọ́ńdè. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo gbé ẹja sínú fíríìsà ilé. Mo pe Màmá, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹja yìí, ẹ má sè é. Ẹ má gé e. Ẹ má là á. Ẹ má yan án. Ẹ má dín in. Àlejò tó ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ mi wò ló máa fojú rí i."

Màmá ní, "Ṣé ọmọdé ni mí?"

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Mo dé láti ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní agogo kan ọ̀sán. Màmá ti lọ Máàsì àkọ́kọ́, ó ti padà tipẹ́. Ẹja wà lórí tábìlì ilé ìdáná, lórí àwo, odindi. Funfun. Ó mọ́ tónítóní. Mo fọwọ́ pa á láti orí sí ìrù, ó ń dán. Mo pa á padà. Ó ń dán.

Màmá dúró, ó ń retí kí n kí òun kú iṣẹ́.

"Ẹja yẹn, ìyàwó mi, yanrìn ló kún gbogbo ara ẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń ha mí lọ́wọ́. Mo ní irú èyí ni wọ́n fẹ́ gbé síwájú àlejò? Mo da omi gbígbóná lé e, mo bu eérú sí i, mo fi kànrìnkàn gbo ó títí gbogbo yanrìn ẹ̀ fi kúrò. Ó lé ní wákàtí kan. Wo èékánná mi."

Mo wo èékánná ẹ̀. Ó ti ṣẹ́ méjì.

Kì í ṣe yanrìn. Awọ àkurá ni. Ohun tó ń ha èèyàn lọ́wọ́ yẹn ni gbogbo orí kẹrin ìwé mi. Mo sọ ọ́, mi ò sì rọra sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ ti pa mí. Ọdún mẹ́fà. Ẹ ti fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ dànù."

Ó ní, "O ò sọ pé kí n má fọ̀ ọ́."

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mo wọ yàrá, mo tilẹ̀kùn. Ọkọ mi ní Màmá ò mọ̀, mo ní èmi náà mọ̀ pé Màmá ò mọ̀, kó jẹ́ kí n sunkún mi. Mo pe Happiness. Ó ní òkun ń ru, àwọn apẹja ti fa ọkọ̀ sókè, ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ kò wúlò fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Keje

Mi ò kí Màmá láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

Mi ò kí i lónìí náà. Ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú ilẹ̀kùn mi, ó kan ilẹ̀kùn, ó lọ. Mo jẹ ẹ́. Mo ṣì ń bínú.

Mi ò tíì sọ fún Dókítà. Mo gbé òkú ẹja náà lọ fún Kíkẹ́ lánàá, mo gbé e kalẹ̀, mo sọ ohun tí Màmá ṣe fún un, mo yí padà, mi ò lè dúró wò ó.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Mo wà ní kíláàsì nígbà tí Kíkẹ́ pè.

"Ma, mo ti wo ẹja yín dáadáa. Abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ àti abíyá ẹ̀, kànrìnkàn ò débẹ̀. Awọ ṣì wà níbẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹ wá gbọ́, yanrìn yẹn dà?"

"Yanrìn wo?"

"Èyí tí Màmá fọ̀ kúrò. Ibo ló dà á sí?"

Mo ní kí àwọn ọmọ máa kàwé, mo wá kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Omi ẹ̀ ti lọ sídìí ewúro láti Sọ́ńdè, òjò sì ti rọ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n kànrìnkàn. Mo wá a nídìí ìkòkò, mi ò rí i. Ó di dandan kí n bi Màmá. Ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò sọ̀rọ̀ sí i, ohun àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu mi nìyí: "Màmá, kànrìnkàn dà?"

 Ó nàka sí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mo ti fi fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì."  Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì ń dúró dè mí níta. Mo mú kànrìnkàn, mo lọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Keje

Kíkẹ́ tú kànrìnkàn náà sínú omi, ó gbọ̀n ọ́n. Kóró ata jáde, dúdú ìkòkò jáde, eérú jáde. Ó sẹ́ ẹ, ó tún un sẹ́, ó kán ohun tó kù sórí gíláàsì, ó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ó wò ó. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún mi.

Eyín ni. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún eyín kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò tiẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣóńṣó mẹ́ta, kò sí èyí tó kán nínú wọn. Mo ti kà á nínú ìwé fún ọdún mẹ́fà pé eyín ló bo ara àkurá, gbogbo wọn kọjú sí ìrù kí omi lè gbà á lára lọ. Mo ti kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara mi lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mi ò rí i rí. Omi lé sí mi lójú, mi ò sì rí nǹkan kan mọ́ lójú maikirosikóòpù fún ìgbà díẹ̀. Kíkẹ́ fi fóònù yà á fún mi.

A la ẹja náà lọ́sàn-án. Eegun ẹ̀ látòkèdélẹ̀, bísíkí bóònù rírọ̀ ni, ọ̀bẹ gba inú ẹ̀ kọjá bí ẹni ń gé iṣu. Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ kún ikùn ẹ̀, a jù ú sínú omi, ó léfòó. Ẹ̀dọ̀ awọ́nríwọ́n rì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ní orí kẹrin.

Ọjọ́ Ajé, 21 Oṣù Keje

Mo ń tẹ ìwé náà. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo ti ń kí Màmá láàárọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n a ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní màá sọ ọ́ tí mo bá tẹ ìwé tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Keje

Mo dúró fún wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Olùdánwò àlejò jẹ́ bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń fi bírò gbá tábìlì. Ó bi mí nípa eegun, ó bi mí nípa ẹ̀dọ̀, ó bi mí ìdí tí mo fi lo ẹyọ kan-kan péré, mo dáhùn. Ó wá pa ìwé dé, ó yọ ojú gíláàsì ẹ̀.

"Ìbéèrè kan ṣì kù. Tí àwọn méjèèjì bá jà, ta ni yóò borí?"

Oṣù méjì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹnu mi ṣáájú ọpọlọ mi. "Ìyá ọkọ mi ni, sà. Ó se ọ̀kan, ó fọ ìkejì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Dókítà Ògúnlànà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo àjà. Ṣùgbọ́n bàbá náà dáwọ́ ẹ̀rín dúró, ó tún ìwé ṣí síbi fọ́tò àwọn eyín náà. Ó ní ṣé òótọ́ ni mò ń sọ. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, oògùn ni wọ́n fi ń yọ ọ́, ìdajì ẹ̀ ló sì máa ń fọ́. Ta ló yọ tèmi báyìí tí gbòǹgbò ẹ̀ kò kán? Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, omi gbígbóná, eérú, kànrìnkàn. Ó yí ojú ìwé síwá sẹ́yìn.

"Kò sí nínú ìwé yín. Ẹ kàn kọ pé ẹ yọ ọ́ ni. Báwo ni ẹlòmíì ṣe máa tún un ṣe?"

Wọ́n ní kí n jáde. Wọ́n pè mí wọlé. Mo yege, ṣùgbọ́n bàbá olùdánwò ní òun ò ní fọwọ́ sí i àfi tí mo bá kọ ọ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bí omi ṣe gbóná tó, irú eérú wo, ìṣẹ́jú mélòó, apá ibo ni ọwọ́ kọjú sí. Àárọ̀ Sọ́ńdè ló ń padà sílé. Tí kò bá fọwọ́ sí i kó tó lọ, ọdún mẹ́fà mi dúró síbẹ̀.

Èèyàn kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n láyé yìí, mo sì jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Keje

Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé. Mo mú bírò àti ìwé, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ tí èèyàn máa ń fi orúnkún kan ṣe. Mo ní, "Màmá, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú. Ìbànújẹ́ ló gbé mi, kò yẹ kó gbé mi débẹ̀."

 Ó ju òkúta ẹ̀wà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi fọ́tò inú fóònù hàn án. Ó gbé fóònù jìnnà sójú, ó tún gbé e súnmọ́ ọn.

"Kí nìyí?"

"Yanrìn yín ni, Màmá. Eyín ni. Gbogbo ara ẹ̀ ni eyín. Tí èèyàn bá pa á láti orí sí ìrù, á máa dán. Tó bá pa á padà, á ya onítọ̀hún lọ́wọ́."

Kò wo fọ́tò náà mọ́, èmi ló ń wò. "Mo mọ ẹnì kan bẹ́ẹ̀," ó ní. "Inú ilé yìí náà ló ń gbé."

Mo gbà. Mo sọ ohun tí olùdánwò béèrè fún un, pé tí a kò bá kọ ọ́ lónìí, ìwé náà ò ní yanjú. Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Ó tún gèlè ẹ̀ ṣe, ó jókòó gbọnrangandan bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

"Ṣé gbogbo ohun tí mo bá sọ lo máa kọ?"

"Gbogbo ẹ̀, Ma."

"Bí mo bá ṣe sọ ọ́?"

"Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́."

"Ó dáa. Kọ orúkọ mi sókè, Bridget Ọlálẹ́yẹ, ọmọ Etíòro, kí wọ́n má lọ sọ pé ẹlòmíì ni. Kọ ọ́ pé eérú igi ìrókò ni, kì í ṣe eérú èédú. Omi ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hó, kó sáà gbóná tó èyí tí wọ́n fi ń yọ ìyẹ́ adìẹ, kí o fi ìka kàn án kí o yára fà á padà. Láti ìrù sí orí ni kí o gbo ó, tó bá ń ya ọwọ́ rẹ, má dúró."

Mo ń kọ ọ́. Ó nàka sí ìwé mi.

"Kọ èyí náà: lẹ́yìn tí mo fọ ẹja tán, ìyàwó mi ò kí mi fún ọjọ́ mẹ́ta."

Mo kọ ọ́. Tí Dókítà Ògúnlànà bá fẹ́, kó gé e kúrò fúnra ẹ̀.